Orúkọ Inú Fáìlì Kan

"Ṣé kò tíì tán ni?" Ṣọ́jà kan dúró lé obìnrin atẹ̀wé lórí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìbọn léjìká.

"Ó ń jáde bọ̀, sà."

Ìwé ètò ìkíni-káàbọ̀ Kọ́nẹ́ẹ̀lì tuntun, ọ̀gá àwọn ṣọ́jà tó ń bọ̀ ní Ọ̀rẹ̀ lọ́la, ni. Fáìlì kan ṣoṣo ni obìnrin náà máa ń kọ orúkọ sí nínú kọ̀ǹpútà. Gbogbo ìwé ètò tó bá fẹ́ tẹ̀ á sì mú orúkọ níbẹ̀. Orúkọ Kọ́nẹ́ẹ̀lì yìí ló fi rọ́pò ti àgbẹ̀ Odìgbó kan tó ṣaláìsí, tó ń tẹ ètò ìsìnkú rẹ̀ lọ́wọ́. Nínú ìkánjú, ètò méjèèjì ló ní kí ẹ̀rọ tẹ̀.

Ìwé kejì yọrí: "Ìsìnkú Olóògbé Kọ́nẹ́ẹ̀lì..."

Kí ó tó nawọ́ mú un, ṣọ́jà ti fà á yọ. Ó kà á, ó bojú wo ẹnu ọ̀nà, ó sì ká a sápò.

"Má pa eléyìí rẹ́," ó rọra wí. "Òun la máa lò lọ́la."