Epo Dúdú Nínú Ibú Ọlọ́mọ

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi fóònù ya gbogbo ohun tí ojú yín bá rí, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ọ̀rọ̀ Gbádéró fún yín. Ọmọ bíbí Etí-Àwérò ni, abúlé àwọn apẹja lẹ́bàá odò Àwérò. Ó mọ fíìmù ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ìyìn dùn mọ́ ọn ju òótọ́ lọ.

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan lókè odò ló ń da omi májèlé sínú Àwérò. Omi náà kò yí àwọ̀ padà o, ó mọ́ lóló, ṣùgbọ́n ẹja ń kú ṣáá ni. Ìgèrè tí wọ́n fi ń dẹ ẹja á wọ omi lófìfo, á jáde lófìfo. Ibú Ọlọ́mọ nìkan ni ẹja kù sí, nítorí ìsun tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti ayé baba ńlá wọn, ẹnikẹ́ni kì í dẹ ìgèrè síbẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹja ti ń yé, kí ọmọ wọn tó jáde sódò. Ìbídùn tó ń yan ẹja tà a máa sọ pé bí ibú yẹn bá ṣì wà, oúnjẹ òun kò tíì tán.

Nígbà tí àwọn ará abúlé gbọ́ pé àwọn aṣojú ìjọba ń bọ̀ wá gbọ́ ẹjọ́ wọn, wọ́n ránṣẹ́ pe Gbádéró. Ó ya òkú ẹja, ó ya àwọn àgbà pẹ̀lú ìgèrè òfìfo. Ìbídùn kọrin bí odò náà ṣe rí nígbà tó ń kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́, Gbádéró sì gbà á sínú fíìmù. Ká ní ó dúró níbẹ̀ ni. Ó wo àwòrán odò, ó pòṣé.

"Ìbídùn, omi yìí mọ́ jù. Ta ló máa wò ó tí àánú yín á ṣe é?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ohun tó ń pa wá gan-an nìyẹn, pé ó mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kó gbájú mọ́ orin rẹ̀, kó fi iṣẹ́ ojú sílẹ̀ fún ẹni tó lójú.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Ó gbé kẹ́ẹ̀gì epo dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ti lò kù, ó dà á sínú Ibú Ọlọ́mọ, kí omi lè dúdú nínú fíìmù. Ibẹ̀ ló yàn nítorí pé igi ṣíji bò ó, ó sì rẹwà láti yà. Bí àwọn onífíìmù sì ti máa ń fi bí wọ́n ṣe ṣiṣẹ́ han àwọn olólùfẹ́ wọn, ó ya ara rẹ̀ níbi tó ti ń dà á, ó sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ẹ̀rín.

Nígbà tí Ìbídùn bá ọmọ ẹja tó léfòó nínú epo, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Gbogbo abúlé gbà pé ilé iṣẹ́ ọṣẹ ló tún ṣe é. Gbádéró gbọ́ ẹkún wọn, ó sì dákẹ́.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé, wọ́n wo fíìmù náà níwájú ilé baálẹ̀. Àwọn aṣojú ìjọba ń mi orí. Ni lọ́yà ilé iṣẹ́ ọṣẹ bá dìde, ó na fóònù sókè. Gbádéró ló wà nínú rẹ̀ tòun ti kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá.

Olórí àwọn aṣojú ní bí àwọn ará abúlé bá lè ṣe èyí, ta ló mọ̀ bóyá àwọn náà ló pa ẹja yòókù? Orin Ìbídùn pàápàá, ó ní eré ni. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Wọ́n lọ, májèlé sì ń ṣàn bọ̀.

Ìbídùn kọjú sí Gbádéró. Kò pè é ní bọ̀ọ̀dá mọ́.

"Àwọn ló pa ẹja odò. Ìwọ lo pa ti ibú. Ìwọ náà lo sì pa wá lẹ́nu mọ́."



Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá fẹ́ gbèjà ilẹ̀ tàbí omi, ẹ ya á bó ṣe rí, ẹ kọrin rẹ̀ bó ṣe dùn yín. Ẹni tó bá fi irọ́ ti òótọ́ lẹ́yìn, ọ̀tá òótọ́ ló ń bá ṣiṣẹ́. Purọ́-n-níyì, ẹ̀tẹ́ ní í kángun rẹ̀.