Ìrora Ẹsẹ̀ Ehoro

Àlọ́ mi sáré títí, ó dúró lọ́dọ̀ Ehoro àti Ẹtu.

Àwọn méjèèjì fẹ́ jọ bá àwọn ẹran ọ̀dàn sáré ìje. Ẹgbẹ́ tó bá borí ni yóò máa kọ́kọ́ mu omi odò. Ọyẹ́ mú. Gìgísẹ̀ Ẹtu là, ó fi òrí pa á, ó ń sáré láràárọ̀. Ehoro fi aṣọ di ẹsẹ̀, ó ń yáná, ó ń kọrin:

Ẹsẹ̀ ń ro mí o.
Ègbè: Pẹ̀lẹ́, akọni.

Ẹtu rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ òsì lẹ dì lánàá, ọ̀tún lẹ dì lónìí."

"Ìrora náà ń rìn ni, àbúrò."

"Ó ti dé ìrù. Iná ń jó yín."

Ehoro fò dìde, ó sá dé odò ṣáájú Ẹtu tó sáré tẹ̀lé e, ó pa iná náà, àmọ́ ìrù rẹ̀ ti jó kù kúkúrú. Àṣírí ẹsẹ̀ rẹ̀ tú; bó ṣe wọ ìje nìyẹn, tí òun àti Ẹtu sì borí. Títí dòní, bí Ehoro bá ní ẹsẹ̀ ń ro òun, ìrù kúkúrú náà ni gbogbo ẹranko ń wò.