Láptọ́ọ̀pù tí Kì í Gbóná

Oyèníran fara balẹ̀ kó tó ra láptọ́ọ̀pù náà. Iṣẹ́ rẹ̀ kúkú ni. Ní ọ́fíìsì tó ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú Atlanta, òun ni gbogbo ènìyàn máa ń sáré bá bí kọ̀ǹpútà bá daṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń ra tuntun láì kọ́kọ́ bi í. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Ìbídàpọ̀, wá sọ pé ti òun ti ń kú mọ́ òun lọ́wọ́, ìdánwò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní kó fọkàn balẹ̀, òun máa wá ojúlówó fún un.

Ìdánwò yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ilé wọn ní Lithonia lọ́dún náà. Àtìgbà tí Ìbídàpọ̀ ti dé láti Ìbàdàn ló ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Hampton. Ó ń gbé wọn dìde, ó ń gbé wọn jókòó, shift lórí shift, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Ilé ìwòsàn kan ti wá ṣèlérí iṣẹ́ ọ́fíìsì fún un, èyí tí á máa jókòó ṣe nílé, bó bá ti lè yege. Orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ náà ló ti máa ṣe ìdánwò ọ̀hún, kámẹ́rà á máa ṣọ́ ọ. Bí Sátidé tó jẹ́ gbèdéke bá kọjá, iṣẹ́ náà di ti ẹlòmíì. Láràárọ̀ ni Oyèníran ń bá a gbàdúrà sí i.

Ní ìpàdé àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ Brother Akínfẹ́mi ló wà nílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Péjú, yege ìdánwò nọ́ọ̀sì nígbà ooru. Kí Kérésìmesì tó dé, ó ti fi ọkọ sílẹ̀, ó ti kó àwọn ọmọ lọ sí Fairburn. Àgbàlagbà kan mi orí, ó ní ní Amẹ́ríkà yìí, bí owó obìnrin bá ti ga ju ti ọkọ lọ, kí ọkọ yáa tètè kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Oyèníran náà rẹ́rìn-ín, ó bá wọn to àga, ó sì wakọ̀ lọ sílé.

Ṣọ́ọ̀bù tó lọ kò tóbi. Ó sọ irú ìdánwò tí ìyàwó òun fẹ́ ṣe fún Eli tó ń tajà níbẹ̀, Eli sì gbé méjì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan wúwo, kò wuyì lójú. Èkejì fẹ́lẹ́, irú ọpọlọ tó wà nínú fóònù ni wọ́n fi sínú rẹ̀, torí náà kì í gbóná, kì í pariwo, bátìrì rẹ̀ ń lo odindi ọjọ́, síbẹ̀ Windows tí gbogbo ayé ń lò ló wà lórí ẹ̀. Eli ṣàlàyé ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Oyèníran gbọ́ ọ dópin láì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó mú èyí tó fẹ́lẹ́. Eli bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú.

Ìbídàpọ̀ kúnlẹ̀ nígbà tó rí i. Ó dúpẹ́, ó ṣàdúrà pé ọ̀nà ọkọ òun ò ní dí. Praise, ọmọ wọn, fọwọ́ pa ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó ní ó tutù. Ìbídàpọ̀ wá bèèrè bóyá ètò ìdánwò náà máa ṣí lórí ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní ṣé iṣẹ́ òun ni wọ́n tún fẹ́ máa kọ́ òun? Ó ní kó má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu kó tó dọjọ́ náà, òun ti yẹ gbogbo ẹ̀ wò. Ó fi Bíbélì sí i, ó fi Zoom sí i, wọ́n ṣí wéré. Ti àtijọ́, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì kí wọ́n bá òun fọ́ ọ, kí olè má bàa jí àṣírí wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá ìjọ gbé ọwọ́ lé tuntun náà, gbogbo ìjọ ṣe àmín. Ẹ̀bùn tí wọ́n bá ti gbàdúrà sí báyìí, ta ló máa gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù?

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, Ìbídàpọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Oyèníran rò pé ìwé ló gbà á lọ́kàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyàwó rẹ̀ tún bi í, bí wọ́n ti ń jẹun, bóyá ohun kan wà tó yẹ kí òun mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà. Ó ní kò sí.

Nígbà tí Sátidé dé, Ìbídàpọ̀ wọ búláòsì tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sídìí tábìlì, ó tan ẹ̀rọ náà. Ètò ìdánwò kò ṣí. Ohun tó kọ sójú ẹ̀rọ ni pé irú ọpọlọ tó wà nínú kọ̀ǹpútà yìí kò bá òun mu. Oyèníran fò dìde. Ó pa á, ó tún un tàn. Ó pe àwọn tó ni ìdánwò. Ẹni tó gbé fóònù ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe, àfi kí wọ́n wá kọ̀ǹpútà mìíràn. Oyèníran ní òun ìbá pe àwọn ará ìjọ kí wọ́n yá àwọn ní kọ̀ǹpútà, àmọ́ àkókò ti lọ. Àánú ìyàwó rẹ̀ ṣe é, omijé lé ròrò sí i lójú, omijé náà kì í sì í ṣe ti ẹ̀tàn.

Ìbídàpọ̀ ká ọwọ́ sórí itan, ó ń wò ó.

Oyèníran fa àga sún mọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Mummy Praise, má jẹ́ kó dùn ẹ́ jù. Mi ò mọ̀ pé ó máa ṣe báyìí rárá. Àsìkò Ọlọ́run ló dáa jù. Tó bá dọdún tó ń bọ̀, a máa tún un ṣe.”

“Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n gbàdúrà sí i ni mo ti gbé e lọ fi han Eli ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ ti rà á,” ni Ìbídàpọ̀ wí, ó sì rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọkọ. “Ó ní òun sọ fún yín pé ìdánwò mi ò ní ṣí lórí ẹ̀, ẹ sì ní irú ẹ̀ gan-an lẹ̀ ń wá. Mo mú kí ọjọ́ ìdánwò náà yá, mo lọ ṣe é nílé ìyá ìjọ lórí kọ̀ǹpútà wọn, mo yege. Mo kàn jókòó síbí lónìí kí n lè gbọ́ ohun tí ẹ máa sọ ni. Daddy Praise, kò síbi tí mo fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀ o. Ìgbà tí Eli sọ̀rọ̀ yẹn tán ni mo tó lọ gba ilé tí mo máa kó lọ.”