Àyúbà Tó Ní Òun Ti Yọ Ọ́

Àyúbà kì í jalè, kì í mutí, kì í sì í bá èèyàn jà. Ìmẹ́lẹ́ ló ń bá a jà, ìmẹ́lẹ́ tó tún mọ irọ́ pa. Iṣẹ́ yòówù kéèyàn gbé fún un, kó tó dìde ló ti máa ń sọ pé òun ti ṣe é. Ilé iṣẹ́ kan tó ń bá ṣírò owó ló gbé e láti Ìbàdàn wá sí Onitsha. Ó gba ilé sí àdúgbò Omagba, àwọn aládùúgbò sì ń pè é ní Ọ̀gá Akáńtáǹtì. Ó fẹ́ràn orúkọ yẹn gan-an, torí orúkọ ò gba kéèyàn dìde lórí àga.

Lọ́jọ́ kan, ó ń wá sínimá ọ̀fẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀. Ojú ewé kan sọ fún un pé kó fi nǹkan kékeré kan kún búráúsà ẹ̀, ìyẹn ohun tó fi ń ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí sínimá lè ṣí. Àyúbà ò kà á, ó kàn tẹ "bẹ́ẹ̀ ni". Sínimá ò ṣí. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri ti Àyúbà lanu, ó tún rẹ́rìn-ín sí aláǹgbá.

Àtọjọ́ náà ni búráúsà ò ti ṣe tiẹ̀ mọ́. Tó bá ń wá ìròyìn, ojú ewé tẹ́tẹ́ ló máa ṣí. Tó bá ń wá àkókò ìrun, tẹ́tẹ́ náà ni. Tó bá wá fi í sílẹ̀ díẹ̀, àwòrán obìnrin tí aṣọ ò tó lára ẹ̀ á yọ, á máa sọ pé òun wà nítòsí. Kí ni Àyúbà ṣe sí i? Bí wọ́n ṣe ń yọ ló ń pa wọ́n dé. Ọwọ́ ẹ̀ wá yá bíi ti ẹni tó ń pa ẹ̀fọn, ó sì rò pé ọgbọ́n nìyẹn.

Zàhrát, ọmọ Ìwó tó fẹ́ fi ṣaya, tíṣà kọ̀ǹpútà ni. Ó ṣàlàyé fún un lórí fóònù. Ó ní kó lọ síbi tí búráúsà ń kó àwọn nǹkan tí wọ́n fi kún un sí, kó yọ èyí tí kò bá mọ̀. Kó gba àṣẹ tó fún àwọn ojú ewé yẹn kúrò lọ́wọ́ wọn, kó dá búráúsà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kó sì pààrọ̀ àwọn pásíwọọ̀dù ẹ̀. Ó ní tó bá kàn ń pa wọ́n dé, ó ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá nìyẹn. Àyúbà ní òun ti gbọ́. Nígbà tí Zàhrát tún bi í, ó ní òun ti yọ ọ́ tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wá dé. Àyúbà ò rí ìsinmi gbà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀nà Ìwó sì jìn. Bàbá Zàhrát, Alùhájì Abdulwasiu, ní kí òun kọ́kọ́ rí ojú ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà lòun á tó sọ bóyá òun á fún un lọ́mọ. Àyúbà kó àwọn àgbà Yorùbá díẹ̀ jọ sí pálọ̀ ẹ̀ kí wọ́n dúró bí ẹbí. Ìyá Àmínátù, onídìrí ní Relief Market, ló dúró bí ìyá. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé náà, Zàhrát pè é.

"Ṣé lóòótọ́ lo yọ nǹkan yẹn?"

"Zàhrát mi, o ò fọkàn tán mi ni?"

Ẹ kíyè sí i pé kò dáhùn.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, nǹkan ń lọ geerege. Alùhájì ní kó jẹ́ kí òun rí fọ́tò bàbá ẹ̀ tó ti kú, ó jọ pé òun mọ̀ ọ́n. Àyúbà ṣe é kí àwọn ará Ìwó lè máa rí gbogbo ohun tó wà lójú láptọ́ọ̀pù ẹ̀. Ó gbé fọ́tò jáde, inú Alùhájì sì dùn.

"Ọmọ èèyàn gidi ni ẹ́. Ó yá, dọ̀bálẹ̀ ká ṣàdúrà fún ẹ."

Àyúbà na gbalaja sílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í sì í dìde nínú ìdọ̀bálẹ̀ kí bàbá ìyàwó tó ní kó dìde. Àdúrà Alùhájì gùn. Ọwọ́ tó ń pa ẹ̀fọn ti wà nílẹ̀.

Àdúrà ò tíì dé ìdajì tí obìnrin àkọ́kọ́ fi yọ, tó bo fọ́tò bàbá Àyúbà mọ́lẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta tiẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí àyànfẹ́ òun má pẹ́ mọ́, Onitsha níbí náà lòun wà, òun ń retí ẹ̀. Àyúbà gbórí sókè.

"Má dìde o," Ìyá Àmínátù ló sọ bẹ́ẹ̀. "Wọn ò tíì ní kó o dìde. Àbí ìyàálé ló ń pè ọ́?"

Alùhájì dá àdúrà dúró. "Àyúbà, ta nìyẹn?"

"Kọ̀ǹpútà ni, sà."

"Kọ̀ǹpútà ló mọ àdúgbò ẹ?"

Èéfín ni ìwà, kò ṣeé fi aṣọ bò. Àwọn ará Ìwó pa ìpè náà, Àyúbà sì wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó yẹ kó ní kó dìde ti lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Zàhrát pè é. "Bàbá mi ní o ní obìnrin ní Onitsha. Mo ti ṣàlàyé fún wọn pé kò sóbìnrin kankan, ọkàn wọn ti rọ̀."

Àyúbà ní Alùhàmdúlíláhì.

"Èmi ni ọkàn mi ò rọ̀. O ní o ti yọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ọmọ wa bá ń ṣàìsàn, tí mo bi ẹ́ bóyá o ti fún un lóògùn, kí lo máa sọ?"

Zàhrát pa fóònù, ẹlòmíì ló sì padà fẹ́. Ọ̀sẹ̀ tí Zàhrát pa fóònù yẹn ni Àyúbà tó yọ nǹkan náà. Omi tíì tó gbé kaná ò tíì hó tó fi parí ẹ̀. Orí àga ló ti ṣe gbogbo ẹ̀, kò tiẹ̀ gba kó dìde. Ṣùgbọ́n Ìyá Àmínátù ti gbọ́ irọ́ tó pa fún Zàhrát, ó sì ti sọ ọ́ tán ní Relief Market. Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń pè é ní Ọ̀gá Akáńtáǹtì mọ́. Mo-Ti-Yọ-Ọ́ ni wọ́n ń pè é, ó sì ń dáhùn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé. Ohun tẹ́ ẹ ò bá kà, ẹ má tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" sí i. Tí olè bá ti wọlé, ẹ lé e jáde. Ẹ má kàn pa ilẹ̀kùn yàrá tó wà dé mọ́ ọn, kẹ́ ẹ wá ní olè ti lọ. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ má sọ pé ẹ ti ṣe ohun tẹ́ ẹ ò ṣe. Wọ́n ní irọ́ lè sáré fún ogún ọdún kí òótọ́ tó bá a. Ti Àyúbà ò tiẹ̀ sáré tó àdúrà kan.