Ọkọ̀ Ojú Irin Orí Tábìlì ní Isikan

Ẹ má ṣe dá ìtàn yìí dúró lágbedeméjì. Ẹ kà á tán. Ní ọ̀sán Sátidé kan, lọ́dún kejì tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, pálọ̀ Rufus Ògúnníyì jóná ní Isikan, Àkúrẹ́.

1. Òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì ni Rufus. Ọmọ rẹ̀ fi ọkọ̀ ojú irin kékeré, tó ń fi iná mànàmáná rìn lórí irin méjì, ránṣẹ́ sí i láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọlábọ̀dé ọ̀rẹ́ rẹ̀, oníṣẹ́ iná ní ìlú Oǹdó, ló bá a so wáyà rẹ̀ sórí tábìlì. Gbogbo Sátidé ni wọ́n jọ ń wà á bí ọmọdé.

2. Kò pẹ́, fíúsì bẹ̀rẹ̀ sí í já. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ọkọ̀ ń sáré geere. Tí Ọlábọ̀dé bá ti wọlé ní Sátidé, ọkọ̀ náà á kú. Tó bá tú u, tó tún un tò, á tún sáré. Ẹ̀yin náà, ta lẹ máa fura sí?

3. "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan ló ń so irin méjèèjì pọ̀," Ọlábọ̀dé wí. "Kí lẹ máa ń ṣe sí i kí n tó dé?"

"Èmi? Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo lò ní rélùwéè! Ìwọ lò ń bà á jẹ́, kí n lè máa wá ẹ kiri. Má tẹ ilé mi mọ́!"

"Bàbá Lọ́lá, ẹ rọra o," Sherifat ìyàwó Rufus bẹ̀ ẹ́. Ọlábọ̀dé ti tún ọkọ̀ náà tò tán; ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

4. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Ọlábọ̀dé kò wá. Síbẹ̀, fíúsì já.

"Ó ti ṣe é sílẹ̀ kó tó lọ," Rufus ní. Ó ki wáyà bàbà tó nípọn sí ibi tí fíúsì wà, kó má bàa já mọ́. Iná sọ.

Nígbà tí àwọn aládùúgbò fi iyanrìn pa á tán, Sherifat rí fọ́nrán dúdú tín-ín-rín láàárín irin méjèèjì. Kànrìnkàn onírin tó fi ń fọ ìkòkò ni. Gbogbo òwúrọ̀ Sátidé, kí àlejò tó dé, ni Rufus ń fi í ha ojú irin kó lè dán, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní rélùwéè tí ọ̀gá bá ń bọ̀ wá yẹ̀ wọ́n wò.

"Bàbá Lọ́lá," ó ní, "iṣẹ́ ọwọ́ yín nìyí."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí fíúsì bá ń já, ẹ wá ohun tó ń já a. Ẹ má fi wáyà dí i lẹ́nu. Kí ẹ sì tó fura sí ọ̀rẹ́, ẹ wo ọwọ́ ara yín. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Rufus ti lọ sí Oǹdó lẹ́ẹ̀mejì láti bẹ Ọlábọ̀dé. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni wọ́n sọ fún un pé kò sí nílé.