Kíránkì Tí Kò Yí

"Ẹ gba ọjà yín!" Mẹkáníìkì ju páálí bíárìn, àwo irin tí ọ̀pá kíránkì ń yí nínú rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, sórí káńtà obìnrin tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Tí mo bá ti dè é tán, kíránkì ò ní yí. Ayédèrú lẹ ń tà!"

"Ayédèrú kẹ̀? Ṣé ẹ wọ̀n ọ́n?"

"Mo wọ̀n ọ́n títí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gbé kíránkì lọ fá, ó ti tín-ín-rín, kí n tó ra èyí tó nípọn sí i. Ẹ́ńjìnnì tọ́bò ni, ti àna mi tún ni! Kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ẹ má fá a mọ́ o. Èyí ló nípọn jù, kò sí òmíràn tó máa bá a mu mọ́."

Inú bí obìnrin náà. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀ lé e lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọ̀pá písítìnì tó ń há, èyí tí ìdérí rẹ̀ fi ń dì mọ́ kíránkì, ó nu gírísì ara rẹ̀.

"Nọ́ńbà wo ló wà lára ọ̀pá yìí?"

"Mẹ́ta."

"Ìdérí rẹ̀ ńkọ́?"

Mẹkáníìkì tẹjú mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Méjì."

"Ẹ gbé ìyàwó Méjì fún Mẹ́ta, ẹ wá ń bínú pé ilé ò rójú."

Ó pààrọ̀ ìdérí méjèèjì, ó dè wọ́n. Ìka kan ló fi ti kíránkì, ó sì yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Mẹkáníìkì ò lè rẹ́rìn-ín. Ó ń wo bàtà rẹ̀, níbi tí lẹ́búlẹ́bú irin tí wọ́n fá lára kíránkì lásán ti ń dán yinrin.