Ìyá Tó Ń Tú Iṣẹ́ Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín o. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń kọ́ nǹkan lọ́wọ́ yín, kódà bó jẹ́ ilẹ̀ gbígbá lásán, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

1.
Aránṣọ kan wà tó bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Nígbà tí ọmọ náà pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìyá rẹ̀ ní àkókò tó. Ó fún un ní abẹ́rẹ́ àti òwú, ó kọ́ ọ bí a ti ń rán àpò. Ó tún kọ́ ọ bí a ti ń gé tòmátò wẹ́wẹ́, tí a ó wọ́n iyọ̀ sí i, tí a ó sá a sórí àwọ̀n nínú oòrùn, kí a tó kó o sínú ìgò de ìgbà tí tòmátò bá wọ́n.

Ha! Inú ọmọ yìí dùn! Bó bá ti ilé-ìwé dé, kò ní tíì bọ́ bàtà tán tí yóò fi sáré lọ bá abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé àpò kékeré kan wá.

"Màmá, ẹ wò ó! Ṣé ó dára?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò dára. Ìlà rẹ̀ wọ́ bí ejò tó yó. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ ń tàn, àánú sì ṣe ìyá.

"Ó dára gan-an, ìyá mi àtàtà!"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ọmọ wà nílé-ìwé, ìyá tú àpò náà, ó sì tún un rán. Ìlà wá tọ́ gbọnrangandan. Ọmọ dé, ó wò ó, ó fò sókè. "Màmá, ó mà tọ́ ju bí mo ṣe rò lọ!"

2.
Bẹ́ẹ̀ náà ni ti tòmátò. Ọjọ́ méjì péré ni ọmọ fi sá a, ló bá kó o sínú ìgò. Kò gbẹ rárá. Ìyá dúró kí ọmọ lọ sílé-ìwé, ó da ti inú ìgò nù, ó fi èyí tí òun fúnra rẹ̀ sá rọ́pò.

Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá wòran. Wọ́n sọ ọmọ ní Ọwọ́-Wúrà. Kò pẹ́, wọ́n ń pe ìyá náà ní Ìyá Ọwọ́-Wúrà. Orúkọ yẹn mà dùn létí o! Bí wọ́n bá kí i níta, á rọra rìn kí wọ́n lè pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Àánú ló fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbéraga ti gba ipò àánú.

Màmá àgbà, ìyá tó bí aránṣọ yìí lọ́mọ, tó ń bá wọn gbé, ló ká a mọ́ ìdí máṣíìnì.

"Ìwọ ọmọ yìí, iṣẹ́ ọmọ lo ń tú yẹn?"

"Màmá, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Mo kàn ń tún un ṣe díẹ̀ ni."

"Díẹ̀? O ti tú u dé ìdí! Nígbà tí ìwọ ń kọ́ṣẹ́, o rán ẹnu ṣòkòtò bàbá rẹ pa. Ó ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kò rí ọ̀nà jáde! Ṣé mo tú u lẹ́yìn rẹ?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí. "Mi ò fẹ́ kí ọkàn ọmọ bàjẹ́ ni, Màmá."

"Ọkàn ọmọ, àbí orúkọ tìrẹ?"

Aránṣọ fi eyín já òwú, ó ń rán lọ.

3.
Ilé-ìwé iṣẹ́ ọwọ́ kan wà tó jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń mú láti àdúgbò kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ọwọ́-Wúrà kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé yìí ju ibẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ kò ju pé kí ọmọ mú àpò kan tó rán wá, kí ó mú ìgò oúnjẹ kan tó sá wá, ó parí. Ìyá tún àpò rán, ó pààrọ̀ ìgò, ó tò wọ́n sínú agbọ̀n. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ọjọ́ pé! Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Wọ́n pe Ọwọ́-Wúrà, àtẹ́wọ́ gba gbogbo ilé. Ọmọ ṣí agbọ̀n. Ìyá ta gìrì. Àpò tí òun tún rán, aláwọ̀ ewé ni. Èyí tó jáde yìí, pupa ni!

"Màmá!" Ọmọ ń kígbe láti iwájú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ṣe òmíràn ní kọ̀rọ̀! Àpò àti ìgò! Mo fẹ́ fi yà yín lẹ́nu ni!"

Olùkọ́ àgbà, obìnrin onígíláàsì kan, kó ìwé mẹ́ta sínú àpò, ó gbé e sókè. Fàà! Ìdí àpò ya, ìwé dà sílẹ̀. Ó ṣí ìgò. Àwọn tó jókòó níwájú fi ọwọ́ bo imú. Tòmátò ti bu, ó funfun bí ewú.

Olùkọ́ rọ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé o ṣẹ́ ẹ wò kí o tó kó o sínú ìgò? Bó bá ń tẹ̀, kò tíì gbẹ. Bó bá kán, ó ti gbẹ."

"Wọn ò sọ ìyẹn fún mi rí, mà." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màmá, nílé ó máa ń dára. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú. Aránṣọ dìde. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Èmi ni mò ń tún un ṣe."

"Gbogbo rẹ̀?" ni ọmọ béèrè.

"Gbogbo rẹ̀."

"Àpò tí mo fún Màmá àgbà ńkọ́?"

"Òun náà."

4.
Ọmọ aṣọ́gbà kan ni wọ́n mú. Ìlà tirẹ̀ náà wọ́, ṣùgbọ́n kò já.

Kò sí ẹni tó ń pe ẹnikẹ́ni ní Ìyá Ọwọ́-Wúrà mọ́. Ìyẹn kọ́ ló dun aránṣọ jù. Ó bẹ ọmọ pé kí àwọn bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ kò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Bó bá ní ìwé tí ọmọ kọ dára, bó bá ní ilẹ̀ tó gbá mọ́, ìbéèrè kan náà ni ọmọ ń bi í:

"Òótọ́ ni, Màmá, àbí ẹ ó tún un ṣe tí mo bá jáde?"

Ẹ̀yin òbí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é! Bí ìlà ọmọ bá wọ́, ẹ fi hàn án pẹ̀lú ẹ̀rín, kí ẹ sì fún un ní abẹ́rẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tú u. Ẹ jẹ́ kí tòmátò rẹ̀ bu nílé, níbi tí ẹni tó ń rí i ti fẹ́ràn rẹ̀. Ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ̀wù àyálò ni. Ìta gbangba ni wọn yóò ti bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́, kí ó tó pẹ́ jù.

Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́.